Ọ̀sẹ̀ tí Wọ́n Pe Teddy Wọ Pápá

                                                  27, Òpópónà Saint Hedwig,
                                                  Port Wayland,
                                                  Ìpínlẹ̀ New York.
                                                  Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kejìlá.

Marlene, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà lọ́hùn-ún? Gene ọkọ rẹ ńkọ́? Ṣé orúnkún rẹ̀ tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ sí ti ń gbé e rìn láìlo ọ̀pá? Ẹ kú oòrùn Arizona o, kí ẹ sì kí àwa náà kú òtútù. Yìnyín tó ń bọ́ láti àná ti bo mọ́tò Norb ọkọ mi mọ́lẹ̀ débi pé eriali nìkan ló yọrí síta. Debbie ọmọ rẹ ńkọ́, ṣé oyún yẹn ò dà á láàmú jù? Sọ fún un pé mò ń hun fìlà ọmọ náà, àwọ̀ ẹgbẹ́ wa ni mo sì fi ń hun ún, ọkọ rẹ̀ ará Dallas yẹn ìbáà fẹ́, ìbáà kọ̀.

Mo mọ̀ pé inú ń bí ẹ sí mi. O pè mí lọ́jọ́ Àìkú, mi ò gbé e. O pè lọ́jọ́ Ajé, Norb ló gbé e, ó ní mò ń sùn. Irọ́ ló pa, mo jókòó tì í gbọnrangandan. Ohùn ara mi ni mi ò fọkàn tán. Mo mọ̀ pé bí mo bá ti gbọ́ "Lu, kí ló ṣẹlẹ̀?" lẹ́nu rẹ báyìí, ẹkún ni n ó bú sí, o ò sì ní gbọ́ nǹkan kan ju imú tí mò ń fọn lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. O rí Teddy lórí tẹlifíṣọ̀n nígbà tó ṣubú, o sì rí i nígbà tó dìde. Ohun tí o ò rí ni mo fẹ́ sọ fún ọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. O mọ̀ pé láti ìgbà tí sáà bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà yìí ti bẹ̀rẹ̀, ara àwọn tí ẹgbẹ́ wa fi ń ṣe ìgbáradì lásán ni Teddy, ọmọ Ray àbúrò mi, wà. Ó ń bá wọn sáré, ó ń bá wọn jẹun, ṣùgbọ́n bó bá di ọjọ́ Àìkú, ẹ̀wù òtútù ni yóò wọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá bí ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì. Àfi bí orúnkún ọ̀kan nínú àwọn tó wà níwájú rẹ̀ ṣe yẹ̀. Mò ń gé kábéèjì lọ́wọ́ nígbà tí fóònù dún.

"Àǹtí Lu! Wọ́n ti pè mí o! Mò ń wọ pápá lọ́jọ́ Àìkú!"

Igbe tí mo ké, Marlene, ó ya èmi gan-an lẹ́nu. Norb jáde láti ilé ìwẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ ìfárùngbọ̀n lẹ́nu, ó ní ta ló kú. Nígbà tí mo sọ fún un, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó nínú kíṣìnì, òun tí ìbàdí rẹ̀ kò ṣeé tẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ sí i. Bó ṣe wà yẹn náà ló jáde sínú yìnyín pẹ̀lú sálúbàtà, ó lọ ń gbálẹ̀kùn Saleh aládùúgbò wa. O rántí Saleh, ará Yemen tí òun àti Norb jọ ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ irin títí wọ́n fi tì í pa. Òun ló kọ́ Teddy wa mọ́tò nígbà tí ọmọ náà sọ pé òun ò lè fara da igbe Norb mọ́. Mo gbọ́ ohùn àwọn àgbààyà méjèèjì láti ojú fèrèsé, wọ́n ń pariwo bí ọmọ ilé ìwé tí wọ́n fún ní ìsinmi.

Èmi náà yọ̀. Mi ò ní purọ́ fún ọ. Mo jókòó, mo rántí Ray. Mo rántí ọjọ́ tí a sin ín, bí ọmọ náà ṣe di etí aṣọ dúdú mi mú tí kò jẹ́ kí n rìn. Mo ní, Ray, ọmọ rẹ ti dé ibi tó ń lọ.

Iṣẹ́ tí wọ́n fún un kì í ṣe ti àwọn tí a máa ń rí àwòrán wọn lára páálí oúnjẹ àárọ̀. Bí ẹgbẹ́ wa bá gbá bọ́ọ̀lù jìnnà sí àwọn ọ̀tá, òun àti àwọn bíi tirẹ̀ ni yóò fi gbogbo agbára sáré tẹ̀ lé e láti ìpẹ̀kun pápá kan sí èkejì, kí wọ́n lè gbé ẹni tó bá mú un ṣánlẹ̀. Àwọn yẹn náà ń sáré bọ̀. O mọ̀ ọ́n, o ti wò ó ju bí o ṣe wo ojú ọkọ rẹ lọ. Èmi náà ti wò ó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò wò ó rí bí ẹni tó ní ọmọ níbẹ̀.

Nígbà tó di alẹ́ Ọjọ́bọ̀, a lọ sí ilé ọtí Dottie gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa, láti wo Denver àti Los Angeles. Ọ̀rọ̀ wọn kò kàn wá, àfi pé a fẹ́ kí Los Angeles jẹ ìyà, nítorí ohun tí wọ́n fojú wa rí nínú oṣù Kẹwàá. Gbogbo ilé ọtí ń ra bíà fún Norb nítorí Teddy. Apá adìẹ wà níwájú wa, ata ń ta á. Ìdajì kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbá bọ́ọ̀lù, ọmọ Denver kan sì sáré tẹ̀ lé e bí iná inú koríko. Orí ló fi gbá itan ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù. Ó dojú bolẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan wà lábẹ́ ikùn rẹ̀, kò sì mira.

Àwọn ènìyàn kọ́kọ́ ń sọ pé, "Dìde, ọmọ, dìde." Dottie fọwọ́ ara rẹ̀ dín ohùn tẹlifíṣọ̀n kù, n kò mọ ohun tó fà á. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ méjèèjì kúnlẹ̀. Wọ́n gé irin ojú akoto rẹ̀ kúrò pẹ̀lú ẹ̀rọ, wọ́n dè é mọ́ pákó, wọ́n gbé e. Marlene, ó ti pẹ́ tí èmi àti ìwọ ti ń rí i tí wọ́n ń gbé ènìyàn jáde. Àsìkò yẹn la máa ń lọ bu bíà.

Bí wọ́n ṣe ń fi mọ́tò kékeré gbé e lọ, ó na àtàǹpàkò sókè. Gbogbo ilé ọtí pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan ní, "Apá adìẹ mìíràn ńkọ́, Dottie?" Norb ti ń ki egungun bọ ẹnu.

Ó ní, "Lu, o ò jẹun."

Mo ní, "Norb, iṣẹ́ Teddy nìyẹn."

"Iṣẹ́ Teddy wo?"

"Ẹni tó ṣubú yẹn. Ohun tí Teddy máa ṣe lọ́jọ́ Àìkú nìyẹn."

Ó yọ egungun náà lẹ́nu, ó rọra gbé e sílẹ̀. "Má fẹnu rẹ pè é wá," ni gbogbo ohun tó sọ. Ṣùgbọ́n kò jẹ èyí tó kù.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Teddy yà kí wa kó tó lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì. Mo se piẹ́rógì, èyí tó ní ànàmọ́ àti wàràkàṣì nínú, mo din àlùbọ́sà lé e lórí. Bó ṣe ń jẹun, mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, n kò mọ ìgbà tí mo gbọ́wọ́ lé ọrùn rẹ̀.

"Àǹtí, kí lẹ ń wá níbẹ̀?"

"Mò ń wò ó bóyá ó nípọn."

"Ọrùn màlúù ni, Àǹtí. Ṣebí ẹ̀yin lẹ bọ́ ọ." Ó rẹ́rìn-ín títí oúnjẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ pá a lórí. Ó ní òun náà rí ọmọ Denver yẹn, àìmọ̀ọ́ṣe ló fà á, èjìká ló yẹ kó lò. Ó dìde láti fi hàn mí, ó sọ Norb di ọ̀tá, ó fi èjìká tì í mọ́ firíìjì.

"Rọra o!" ni Norb ń kígbe. "Ìbàdí mi! A ò tíì san owó rẹ̀ tán!"

A rẹ́rìn-ín gan-an. Ṣùgbọ́n nígbà tí mọ́tò rẹ̀ yí kọ́nà lọ, mo padà wọlé, mo fọ abọ́ kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́ Àìkú wá dé. Ẹni tó ra ìjókòó rẹ ní pápá báyìí ni ọkùnrin onírùngbọ̀n kan, ẹ̀wù ọdẹ ló wọ̀, ó tóbi tó ìwọ àti Gene pọ̀. "Màmá" ló ń pè mí. Ó béèrè ẹni tí mò ń fojú wá, mo sọ pé ọmọ wa wà nínú pápá, nọ́ńbà rẹ̀ ni mẹ́rìnlélógójì. Àbí mo ti dáràn! Ó sọ fún gbogbo ìlà wa, ìlà wa sọ fún ìlà iwájú, láìpẹ́ láìjìnnà, "Gorski! Gorski!" ni wọ́n ń hó. Orúkọ bàbá mi, Marlene, lẹ́nu àjèjì nínú yìnyín.

Ìgbà àkọ́kọ́ tó sáré, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Mo mí. Ìgbà kejì, ó gbé ọmọ Cincinnati kan ṣánlẹ̀ lọ́nà tó dára, èjìká ló lò bó ṣe fi hàn wá, wọ́n sì dárúkọ rẹ̀ nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Norb sunkún ní gbangba. Ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún wa kò kúkú ràn wá lọ́wọ́, ó ń jù ú sọ́wọ́ ọ̀tá bí ẹni ń pín ìwé ìpè ìgbéyàwó. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wa dúró bí òkú igi. Gbogbo èyí ni mo bá wọn bínú sí, mo tún bú rẹfirí, fún ìṣẹ́jú díẹ̀ mo gbàgbé ara mi, mo di Lucille tí o mọ̀.

Ìgbà yẹn ló ṣẹlẹ̀. Ìdajì kejì la wà. Teddy ń lé ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù, kò rí èyí tó ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Akoto pàdé akoto. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé ò lè gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n àwa gbọ́ ọ dé òkè tí a wà, bí ìgbà tí ènìyàn bá fi ìbínú pa ilẹ̀kùn mọ́tò dé. Ó dùbúlẹ̀. Gbogbo ariwo pápá yẹn wọlẹ̀. Ọkùnrin onírùngbọ̀n yẹn ló di ọwọ́ mi mú, tí ó ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Dìde fún Màmá, ọmọ. Dìde fún Màmá."

Ó sì dìde. Kò pẹ́ rárá, ẹ̀yin pàápàá rí i. Wọ́n mú un wọ inú àgọ́ kékeré ẹ̀gbẹ́ pápá, àwọn dókítà bi í léèrè ọ̀rọ̀, ó dáhùn gbogbo rẹ̀, ó jáde. Nígbà tí wọ́n tún gbá bọ́ọ̀lù, òun náà nìyẹn tó tún ń sáré lọ. Gbogbo pápá dìde dúró fún un. Èmi nìkan ló ń kígbe pé, "Ẹ mú un jáde!" Ta ló máa gbọ́?

"Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀," ni ọkùnrin náà wí. "Irin lọmọ yín."

Bọ́ọ̀lù tí a gbá kẹ́yìn wọ àárín òpó bí yìnyín ṣe ń dà, a borí. Àwọn ènìyàn tí n kò rí rí fẹnu kò mí lẹ́nu. Mo ní, ó dára, ó ti tán, òmùgọ̀ ni mí.

A lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà tí àwọn ẹbí máa ń dúró sí. Teddy jáde, irun rẹ̀ tutù, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. Ó dì mọ́ mi. Ó dì mọ́ Norb. Ó wá ń wo ẹ̀yìn wa, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì.

Ó ní, "Dádì dà? Ṣé ó lọ gbé mọ́tò ni?"

Norb rẹ́rìn-ín, ó rò pé òun ló ń bá ṣàwàdà. Ṣùgbọ́n o mọ̀ pé Ọ́ńkù Norb ni Teddy ń pè é láti kékeré. Ray nìkan ló ń pè ní Dádì. Mo wo ojú ọmọ náà, Marlene. Kò ṣàwàdà. Ó ń dúró kí bàbá rẹ̀ dé. Ìgbà tó yá, ojú rẹ̀ yí padà, ó fọwọ́ nu ún, ó ní, "Mò ń ṣeré ni," ó sì bọ́ síwájú. Mo gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní ilé wa ló máa sùn.

Nínú mọ́tò, ó béèrè iye ayò tí a fi borí wọn. Norb sọ fún un, inú rẹ̀ ń dùn. Kí a tó dé orí afárá, ó tún béèrè. Norb tún sọ. Nígbà tó béèrè lẹ́ẹ̀kẹta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo, Norb pa rédíò.

Mo fi í jókòó sórí àga ìrọ̀gbọ̀kú. "Teddy, báwo ni orí rẹ?"

"Ó kàn ń fọ́ mi díẹ̀ ni." Ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí Miami bá pàdánù lọ́la, a ti wọ ìdíje àṣekágbá. Ẹni tí mo gba ipò rẹ̀ á padà lẹ́yìn Kérésì. Tí mo bá jókòó ní ọ̀sẹ̀ kan péré, wọ́n á gbàgbé pé wọ́n bí mi."

"Kí lo wá sọ fún àwọn dókítà nínú àgọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Mo ti há gbogbo ẹ̀ sórí kí n tó wọ pápá. Oṣù tí a wà, ìlú tí à ń bá gbá. Ẹni tó bá fẹ́ mú mi á tètè jí."

Èmi àti Norb wọ kíṣìnì, a ń fi ohùn kékeré jà.

"Pè é ní ọpọlọ tó mì, pè é ní ohun tó wù ẹ́," ni Norb wí, "ọkùnrin ni. Jẹ́ kó sùn. Irin já lù mí lórí nílé iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, ṣé mo kú?"

"O ò kú, ṣùgbọ́n o wa mọ́tò wọ ọgbà Saleh lọ́jọ́ náà."

"Yìnyín ló fa ìyẹn!"

"Oṣù Keje ni, Norb."

Ó yíjú sí fèrèsé. Ó ní, "Bí o bá pe àwọn dókítà ẹgbẹ́, ọmọ yẹn ò ní dárí jì ọ́ láé." Ibẹ̀ ló ti mú mi. Ẹ̀rù kan ní kí n pè, kó má bàa kú mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ̀rù kejì ní kí n má pè, kó má bàa kórìíra mi. N kò pè. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí o mọ irú oorun tí mo sùn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó ní kí n má ṣí kọ́tìnnì, ìmọ́lẹ̀ ń gún òun lójú. Kọfí tó mu, ó bì í. Ibẹ̀ la wà tí Saleh fi dé, tòun ti búrẹ́dì gbígbóná tí Nadia ìyàwó rẹ̀ yan.

"Akọni!" ló ń pariwo láti ẹnu ọ̀nà. "Akọni wa dà? Mo ti sọ fún gbogbo mọ́ṣáláṣí pé èmi ni mo tọ́ ọ!"

Teddy gbójú sókè láti orí àga. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i bí a ṣe ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tó gbé lẹ́tà wá. Ó ní, "Ẹ ṣeun, sà."

"Sà? Èmi ni sà? Ó ti di ẹni ńlá, kò mọ̀ wá mọ́!" Saleh ń rẹ́rìn-ín, ó gbọ́wọ́ lé e léjìká. "Ó dáa, ta ló kọ́ ọ wa mọ́tò?"

Teddy yí ojú sọ́dọ̀ mi. Ṣé o rántí bí àwọn ọmọ ṣe máa ń wo ìyá wọn bí àjèjì bá bi wọ́n ní ìbéèrè tí wọn ò mọ̀? Bó ṣe wò mí nìyẹn.

Saleh yọ ọwọ́ rẹ̀. Ó gbé búrẹ́dì náà lé mi lọ́wọ́, ó bá mi dé ẹnu ọ̀nà. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ pátápátá. "Lucille, ọmọ yìí ò mọ̀ mí. Má dúró."

Nígbà tí mo yí padà, Teddy ti dìde, ó ní òun ní ìpàdé pẹ̀lú ẹgbẹ́. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń wọ bàtà òtútù rẹ̀. Ti òsì ló ń ki ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ̀. Ó tì í, ó fà á, ó tún tì í, kò mọ ohun tí kò jẹ́ kó wọlé. Norb dúró lókè rẹ̀, ó ń wò ó. Ó wá di irin àtẹ̀gùn mú, òun tí kò tíì kúnlẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un, kódà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó kúnlẹ̀. Ó bọ́ bàtà náà, ó wọ ọ́ fún un bó ṣe yẹ, ó so okùn rẹ̀ ní kókó méjì bó ṣe máa ń so ó fún un kó tó lọ ilé ìwé. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀ yẹn, kò gbójú sókè.

"Lucille," ló wí. Kì í pè mí bẹ́ẹ̀. "Pè wọ́n."

Iwájú Teddy ni mo ti pè wọ́n. N kò fẹ́ ṣe é lẹ́yìn rẹ̀. Mo sọ ti Ray, mo sọ ti ayò tó béèrè, mo sọ ti Saleh. Mo ń gbọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, "Àǹtí, ẹ gbé fóònù yẹn kalẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́. Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́." Nígbà tí mo gbé e kalẹ̀, ó ní, "Ẹ ti ba ayé mi jẹ́." Kò pariwo. Ó sàn kó pariwo.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ náà, wọn ò fi falẹ̀ rárá. Áńbúláǹsì dé kí búrẹ́dì yẹn tó tutù. Wọ́n ya àwòrán orí rẹ̀ nílé ìwòsàn, dókítà obìnrin kan, onírun funfun, sì pè wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ń sun lábẹ́ agbárí. Ó ní bí kò bá pọ̀ sí i títí ilẹ̀ á fi mọ́, ara rẹ̀ á gbé e lọ fúnra rẹ̀. Bó bá pọ̀ sí i, wọ́n á la orí. Norb béèrè ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ ká ní ó tún gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Obìnrin náà wo ilẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ pè."

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Teddy ti sùn, tàbí ó ń díbọ́n oorun kó má bàa bá mi sọ̀rọ̀. Mo fi Norb tì í, mo jáde sí yàrá ìdúró. Miami àti Houston ń gbá lórí tẹlifíṣọ̀n. Àwọn nọ́ọ̀sì méjì àti ẹni tó ń nu ilẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n lẹ àmì ẹgbẹ́ wa mọ́ aṣọ iṣẹ́ wọn. Gbogbo ìlú ló ń gbàdúrà fún Houston, nítorí bí Miami bá pàdánù, a ti wọlé. Èmi Lucille, ọmọ Gorski, tí a sin bàbá mi tòun ti jẹ́sì ẹgbẹ́ wa, mo jókòó láàárín wọn, mo di ọwọ́ pọ̀, mò ń gbàdúrà fún Miami. Bí Miami bá borí, kò ní sí bọ́ọ̀lù fún wa nínú oṣù Kìíní. Kò ní sí ẹni tó máa nílò orí Teddy.

Ó ku bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo. Ọmọ Miami tó ń gbá a rìn sẹ́yìn, ó rìn sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbá a. Mo rí i tó ń lọ tààrà, ọkàn mi fò sókè. Àfi bó ṣe lọ gbá òpó, tí ó fò padà síta. Àwọn nọ́ọ̀sì dì mọ́ra wọn, ẹni tó ń nu ilẹ̀ ju ìnulẹ̀ sókè, igbe ń jáde láti yàrá àwọn aláìsàn. Ọ̀kan nínú wọn fà mí dìde. "A ti wọlé, Màmá! Ẹ ò yọ̀ ni?"

Mo ní ó rẹ̀ mí.

Nígbà tí mo wọ yàrá, òkùnkùn ni. N kò mọ̀ pé ojú rẹ̀ là. "Ariwo kí ni yẹn, Àǹtí?" Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá mi sọ láti àárọ̀ nìyẹn.

"Miami pàdánù."

Teddy gbé orí díẹ̀ sókè.

"Ẹgbẹ́ ti wọlé nìyẹn."

"Ó ti wọlé."

Mò ń dúró de ẹkún, mò ń dúró de èébú. Ó wá ní, "Àǹtí, ẹ̀rù ń bà mí."

Mo fa àga mi sún mọ́ ọn.

"Láti orí pápá ni," ló wí. "Nígbà tí mo dìde, n kò mọ ìlú tí mo wà. Mò ń gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń pariwo orúkọ mi, mo sì ń rò ó pé, kí ni mo ṣe fún wọn? Mo fẹ́ sọ fún ẹnì kan. Mo wá rò pé bí mo bá sọ ọ́, á di òótọ́."

Mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì, mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ó tutù bí ẹja. Mo mú un bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi wá gbé e lọ fún àwòrán kejì.

Ẹ̀jẹ̀ náà kò pọ̀ sí i, Marlene. Kò pọ̀ sí i. Mo ní kí dókítà sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Àná ni wọ́n dá a sílẹ̀, ó wà lókè nínú yàrá rẹ̀ àtijọ́, kọ́tìnnì wà ní pípadé, kò gbọdọ̀ wo fóònù, kò gbọdọ̀ wo tẹlifíṣọ̀n. Bọ́ọ̀lù ti ọdún yìí ti tán fún un. Láti àná, wákàtí-wákàtí ni Saleh ń wá dán an wò. "Ta ló kọ́ ọ wa mọ́tò?" Teddy a ní, "Ẹ̀yin ni, ẹ sì pariwo ju Ọ́ńkù Norb lọ." Saleh a wá bọ́ síta, a nu ojú.

Ṣùgbọ́n akọ́nimọ̀ọ́gbá pè lánàá. Ó ní àwọn ò gbàgbé rẹ̀, ó ní bí àwọn dókítà bá fọwọ́ sí i, ipò rẹ̀ ń dúró dè é lọ́dún tó ń bọ̀. Èmi ni mo mú fóònù dání fún un. Mo rí ẹ̀rín tó yọ lójú ọmọ yẹn, ẹ̀rín tòótọ́ àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Àìkú. Ṣé ó yẹ kí ẹ̀rín ọmọ ẹni máa dẹ́rù bani?

Ní àárọ̀ yìí, mo gbé ọbẹ̀ lọ fún un. Ó mu ún tán. Ó ní, "Àǹtí, bí wọ́n bá ní mo lè padà, tí mo sì padà, ṣé ẹ máa wá wò mí?"

Mo ti múra èsì mìíràn sílẹ̀. Mo ti múra ẹ̀bẹ̀, mo ti múra ìbínú, mo ti múra orúkọ bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń wò mí nínú òkùnkùn yẹn, mo ní n ó wá. Mo ní n ó jókòó nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, níbi tí ẹsẹ̀ mi ti lè tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ ṣeun, Àǹtí," ó sì sùn. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, abọ́ òfìfo lọ́wọ́ mi, n kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni mo sọ tàbí irọ́. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, n kò tíì mọ̀.

Bá mi kí Gene dáadáa, kí o sì bá mi gbá ikùn Debbie mọ́ra. Norb ní kí n kí ọ, Saleh àti Nadia ní kí n kí ọ, Dottie náà ní ìjókòó rẹ ṣì ṣófo nílé ọtí òun. Bí o bá fẹ́ pè, pè báyìí. N ó gbé e.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí àyà rẹ̀ ṣì ń já,

Lu.